Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Inú Ìgò Ọkọ Mi

Èmi ni mo tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ìgò yẹn. Kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò nílẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ mí ní Cheetham Hill, ní Manchester níbí, á sọ fún yín pé Shakirat kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ìgò ike kékeré kan ni. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára: Àjàgbé, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà gbọọrọ kan. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo húkọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà kan nínú oṣù kẹfà. Mo dé e pa, mo nu ara rẹ̀, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. A jọ rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí di òní.

Oṣù kẹrin ni wọ́n ti sọ fún Àjàgbé pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń bá a jà, TB tí gbogbo ayé ń sá fún. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń to páálí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a sì rò pé iṣẹ́ náà ló ń jẹ ẹran ara rẹ̀. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, aṣọ tó fi ń sùn ń tutù rinrin fún òógùn. Nígbà tí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n fún un ní oògùn jìngbìnnì tó sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa bí epo. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó pariwo orúkọ mi láti ilé ìtọ̀, mo sì rò pé ó ń kú lọ ni.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Olúfúnmi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́ tó máa ń sọ pé "God bless you" kó tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn náà ló sọ fún mi pé kí èmi náà wá ya àwòrán àyà, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fún mi lọ́jọ́. Mo ní mo ní shift. Ó fún mi lọ́jọ́ mìíràn. Mo tún ní mo ní shift, bẹ́ẹ̀ ilé ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo ń ṣe ló gbé àwa méjèèjì wá sí ìlú yìí. Bí iṣẹ́ mi bá bọ́, àwa méjèèjì la máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo sì ń húkọ́. Mo ti ń húkọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òtútù àti ògiri ilé wa tó ń làágùn.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ara ọkọ mi ti ń yá. Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi wá ní kó mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ wá, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá àìsàn náà ti ń lọ. Kò níí kọ lẹ́tà pé kó padà síbi iṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Wàhálà wá dé. Àyà rẹ̀ ti gbẹ! Àárọ̀ mẹ́ta gbáko ló fi gbìyànjú. Ó mu omi gbígbóná pẹ̀lú atalẹ̀, ó sáré gun àtẹ̀gùn lókè sódò, ó dọ̀bálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó lè wálẹ̀ láti àyà. Itọ́ ló ń tu. Nọ́ọ̀sì dá ọ̀kan padà, ó ní, "Bàbá, itọ́ nìyí, kì í ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀." Ọ̀gá rẹ̀ ní Bolton sì ń pè é lójoojúmọ́.

Ibi tí mo ti ń húkọ́ nínú kíṣìnnì ni ọgbọ́n náà ti sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ gbé ìgò yẹn wá."

Ó ní, "Shakirat, orúkọ mi ló wà lára ẹ̀ o."

"Orúkọ yín ló wà lára ìgò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò lórúkọ. Ẹ̀yin ń wá a, èmi ń dà á nù."

Mo ti rò ó dáadáa, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo ti rò ó. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn. Ara rẹ̀ ti ń mọ́, ikọ́ tèmi kò sì ju ọ̀fìnkìn tí kò tètè lọ. Kí ni wọ́n máa rí nínú rẹ̀? Wọ́n wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lóòótọ́, wọn ò rí nǹkan kan. Lẹ́tà jáde, Àjàgbé padà sí Bolton, mo sì ń yan kiri nínú ilé bí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọn kì í da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà nù lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ń gbé e pamọ́ síbi tó móoru, wọ́n ń fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ bóyá nǹkan á hù níbẹ̀. Nǹkan hù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ilé kéwú mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nílé ọkọ, mi ò bímọ. Ọmọ méje ló ń wá sí pálọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé àti Sunday lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo ń kọ́ wọn ní kéwú. Aládùúgbò wa máa ń kanlẹ̀kùn pé ariwo wa pọ̀, nítorí náà mo máa ń ti gbogbo fèrèsé pa, tí èémí àwọn ọmọ á máa ṣe gíláàsì bàìbàì. Àjàgbé kì í sí nílé. Bí kò bá sí ní Bolton, á wà ní mọ́sálásí, torí ó ní òun ò lè máa há mọ́ àárín àwọn ìyá àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn lójú. Orúkọ wọn ló máa ń gbọ́ lẹ́nu mi bí mo bá ń dáná.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ni Mobọ́lájí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀, Ìyábọ̀dé, máa ń mú un wá láti Ardwick, bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀. Àwọn yòókù á jókòó sórí ẹní, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀, itan mi ló fẹ́. Á fi orí ti àgbọ̀n mi, á di ìka mi mú, á ní, "Àǹtí Kéwú, let's go," a ó sì jọ máa ka Fátíhà, ẹnu rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu mi. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbé e.

Inú oṣù kìn-ín-ní ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà ó ń bì, lẹ́yìn náà ó sùn kò jí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé TB ni, èyí tó ti wọ awọ tó bo ọpọlọ. Oṣù méjì ló lò níbẹ̀. Kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ike gbọọrọ kan dè é kó lè rìn. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ kí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ń ké àyàh Kùránì sí i létí. Ìyábọ̀dé ń sunkún pé ìrìn àjò tí àwọn rìn lọ sí Èkó ló fà á, pé òun fọwọ́ ara òun gbé ọmọ lọ pàdé àìsàn. Mo ní kó fọwọ́ wọ́nú. Mi ò sọ fún un pé kì í ṣe Èkó, torí èmi náà gbà pé Èkó ni. Nígbà tí ìṣòro Àjàgbé sì dé ní oṣù kẹrin, mo fi pamọ́ fún gbogbo wọn.

Ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù kẹjọ ni Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi pè wá pé kí a wá sí kílíníìkì, pé kí èmi náà tẹ̀ lé ọkọ mi. A wọlé, kò sọ "God bless you". Òyìnbó obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, káàdì ìjọba ìlú wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní obìnrin náà ti ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé wá. Mo wo Àjàgbé, Àjàgbé wò mí. Ọmọ wo? Àwa tí a ò bímọ.

Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún òyìnbó náà, ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wa. Ó ní, "Sà, kòkòrò TB ní nǹkan tí wọ́n fi kọ ọ́ nínú, àbùdá ẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ́tà. Tó bá ti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì, á tún ara ẹ̀ kọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á ṣi lẹ́tà kan kọ, àṣìṣe yẹn á sì máa bá a lọ. Lab máa ń ka gbogbo ẹ̀ tán. Báyẹn la ṣe ń mọ ẹni tó kó o ran ẹni."

Ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Bí Ameer, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú mi, bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ sórí wàláà rẹ̀, tí àṣìṣe kan náà sì wà lórí wàláà ẹni tó jókòó tì í, kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi pé ọ̀kan jí ti èkejì wò. Mo ń mi orí bí ọ̀mọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ẹ fún wa ní April, àti èyí tí ẹ mú wá ní June, kòkòrò inú wọn ò jọra rárá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lẹ́tà tí wọ́n fi yàtọ̀. A ò rí irú ẹ̀ rí lára ẹnì kan ṣoṣo láàárín oṣù méjì."

Mo rí i tí ìka Àjàgbé tó ń lu orúnkún rẹ̀ dúró.

"Ti June yẹn wá bá ti ọmọ kan mu. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, Ardwick ló ń gbé. Mi ò lè dárúkọ ẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà yẹn, sà, ẹyọ kan ò yàtọ̀. Ọmọdé kì í ṣàdédé ní irú ẹ̀, àgbàlagbà ló máa ń kó o ràn án nínú ilé tí atẹ́gùn ò sí. Láti February la ti ń wá àgbàlagbà yẹn. Ìyá ẹ̀ kọ gbogbo ará ilé sílẹ̀ fún wa, ó kọ ilé ìwé ẹ̀. A yẹ gbogbo wọn wò, kò sí i lára ẹnì kankan." Ó kọjú sí Àjàgbé. "Sà, níbo lẹ ti mọ ọmọ yìí?"

"Mi ò mọ ọmọ kankan," ni Àjàgbé wí.

"Ẹ rò ó dáadáa, sà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò bá ọmọdébìnrin kankan jókòó rí ní ìlú yìí."

Òyìnbó náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó ti wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọdébìnrin rí, òun nìkan. Ẹ̀jẹ̀ yọ lójú mi. Mo ti fẹ́ dìde bú u, kí n bi í pé irú ìbéèrè rádaràda wo nìyẹn, pé ọkọ mi kì í gbójú sókè wo ìyá ẹlòmíràn, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ. Àfi bí mo ṣe wo ojú Àjàgbé. Kò bínú. Kò wo òyìnbó náà rárá. Èmi ló ń wò, ó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ èèyàn pé kó má sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí a ti jókòó. Ìgò oṣù kẹfà. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ardwick.

Orí mi fò lọ. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ kó yé èèyàn. Etí mi di, mo ń rí ẹnu nọ́ọ̀sì tó ń ṣí tó ń pa dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń nímọ̀lára orí ọmọ yẹn lábẹ́ àgbọ̀n mi. Gbogbo ìgbà tí mo yíjú húkọ́ sí apá, tí mo tún yíjú padà tí mo ní, "Ó yá, tún un kà." Èmi kẹ̀! Èmi tí mo máa ń fọwọ́ ara mi nu imú rẹ̀!

Mo sì dákẹ́. Mi ò níí purọ́ fún yín, mo dákẹ́. Ìwé iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe ọkọ. Mo gbọ́ tí wọ́n bi Àjàgbé pé ṣé ọmọdé kankan kì í wá sílé wa. Ó ní kò sí. Ó purọ́, ọkùnrin tí kì í fi oúnjẹ purọ́ fún mi pé ó dùn. Òyìnbó náà ní ó dáa, pé àwọn á ní láti tún pè é, pé bóyá ọlọ́pàá á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó má ṣe bẹ̀rù.

Àjàgbé ní, "Kò burú."

Kò burú! Ohùn tó máa ń fi dá mi lóhùn bí mo bá ní ẹran ti tán nínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fà mí dìde.

Mo pariwo, "Èmi ni mo ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn! Èmi ni mo tu ú! Kò mọ ọmọ náà, kò rí i rí, èmi ni mò ń kọ́ ọ ní kéwú!"

Òyìnbó náà béèrè pé kí ni mo sọ. Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi ò túmọ̀ rẹ̀. Ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ṣà á. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Yorùbá ló fi sọ ọ́, "Ẹ̀yin? Ẹ tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ọkọ yín? Madam, ṣé aṣọ ni, tí ẹ fi ń yá ara yín?"

Nígbà tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún òyìnbó náà tán, wọn ò dárúkọ ọlọ́pàá mọ́. Ojú Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi ni wọ́n ti ní kí n tu òmíràn. Ó dúró tì mí gbọn-in nínú yàrá kékeré kan, ó ní ká tún wò ó bóyá màá tún rí ẹni yá. Wọ́n ya àwòrán àyà mi kí n tó kúrò. Ó fi ìka hàn mí lójú ẹ̀rọ: ihò kan, tó tó ẹyin àdàbà, lókè ẹ̀dọ̀fóró mi lápá ọ̀tún. Ó ní kì í ṣe ihò oṣù kan, pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, pé kì í ṣe ara ọkọ mi ni mo ti kó o. Mo wò ó títí. Mo ń retí kí wọ́n sọ fún mi pé àwòrán ẹlòmíràn ni.

Kí a tó lọ, ó gba orúkọ àwọn ọmọ mẹ́fà tó kù lẹ́nu mi. Ó ní ọjọ́ Monday làwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá wọn. Mo ní àwọn ìyá wọn kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀, pé màá fẹnu ara mi pè wọ́n. Ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Mo ní mo gbọ́.

Èmi àti Àjàgbé délé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé kì í ṣe tòun. Ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ̀bi náà á rọrùn fún mi láti gbé ju fún ẹ lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n ń rò sí mi burú tó bẹ́ẹ̀."

Ó wọ yàrá lọ. Mo jókòó sórí ẹní àwọn ọmọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Jímọ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kò sí kéwú lọ́sẹ̀ yìí, pé ara mi ò yá. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni fóònù dún. Ìyábọ̀dé ni.

"Àǹtí Kéwú, ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ kú àìlera. Ṣé ẹ ti lo nǹkan?"

Mo ní mo ti ń lo oògùn.

"Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o, àdúà kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Kì í ṣe àdúà dáadáa." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì wá sílé wa lánàá. Wọ́n ti rí i! Wọ́n ti rí ẹni tó kó àìsàn ran ọmọ mi. Kì í ṣe Èkó o, Àǹtí, Manchester níbí ni. Wọ́n ní àgbàlagbà ni, pé àwọn ò lè dárúkọ ẹ̀ fún mi, ó ní ẹ̀tọ́. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀tọ́! Kí ni ẹ̀tọ́ ọmọ tèmi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún Ọlọ́run. Kí ẹni náà má rí oorun sùn. Kí ẹsẹ̀ òun náà má gbé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mà, mo ti tẹ́wọ́, màá máa ṣe àmín."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Mobọ́lájí lẹ́yìn rẹ̀, ike yẹn ń ha ilẹ̀, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé ṣé Àǹtí Kéwú ni. Ìyá rẹ̀ ń dúró dè mí kí n gégùn-ún fún ara mi.

"Ìyábọ̀dé," mo ní, "má ṣe àmín. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kí ni mà?"

"Èmi ni ẹni tí wọ́n rí. Ikọ́ tí mò ń hú ni. Orí itan mi ló ti kó o."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, mi ò bá mọ ohun tí màá ṣe. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìgò, àwòrán àyà, ọjọ́ méjì tí mo fi shift parọ́.

Ó wá ní, "Àǹtí, nínú oṣù kejì, nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí n kọ gbogbo ibi tọ́mọ mi ń lọ sílẹ̀, ta ni mo pè?"

Ibí yìí ni mo ti ń yẹra fún láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni ó pè. Ó bi mí bóyá kí òun kọ ilé kéwú sí i. Mo ní kó má dán an wò. Mo ní ìjọba ò mọ̀ nípa wa, wọ́n á wá ti ilé náà pa, wọ́n á bi mí níwèé. Mo tún ní ibi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí ọmọ ti í kó àìsàn. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ mo ń húkọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Ìwọ ni mo pè," ni Ìyábọ̀dé wí. Kò sọ "ẹ" mọ́. "Mo ti kọ ọ́ kí n tó pè. Mo fi bírò pa á rẹ́ nítorí ẹ. Iwájú nọ́ọ̀sì ni mo ti pa á rẹ́."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó dà bí ẹni pé kò gbọ́.

"Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé o ti sọ fún àwọn ìyá wọn?"

"Nọ́ọ̀sì máa pè wọ́n lọ́jọ́ Monday."

"Mo ní ṣé o ti sọ fún wọn."

"Rárá."

"Ìyá Ameer sọ fún mi lánàá pé ọmọ ẹ̀ ti ń húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òtútù ni." Mo gbọ́ tó fa imú. "Kúrò lórí fóònù mi, kí o pè é. Sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, má yọ nǹkan kan kúrò. Màá pè é lẹ́yìn ẹ, màá bi í."

Ó gé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Nígbà tó wọlé, ìyá Ameer gbé e kíá, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń gbọ́ ọmọ náà tó ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí Kéwú! Orúkọ yín la ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tán. Ameer ní òun fẹ́ wá kí yín."